Jùwọ́nlọ́lá Ògúnṣínà, Olórin Igbe ti Ìlútítun (1970–1997)

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1970 ni wọ́n bí Jùwọ́nlọ́lá sí Ìlútítun ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, sínú ẹbí Ògúnṣínà. Bàbá rẹ̀ ni Pa Àkànmú Ògúnṣínà, àgbẹ̀ ọlọ́pẹ. Ìyá rẹ̀ ni Màmá Morádéyọ̀, ọmọ Iyansan. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́ta. Wọn kì í kọ irú ìwé yìí fún ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Ẹbí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Olúwakẹ́mi, tí ó jẹ́ olùkọ́, ni wọ́n gbé bírò fún, ó sì ti ya ìwé mẹ́rin kí ó tó rí èyí kọ. Títí di òní yìí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò tíì yé wa.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlútítun láti ọdún 1976 sí 1982, ó sì jáde ilé ẹ̀kọ́ gíràmà ní ọdún 1987. Orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kì í jókòó jẹ́ẹ́. Olùkọ́ kan kọ ọ́ sínú èsì ìdánwò rẹ̀ pé ohùn ọmọ yìí ga ju máàkì rẹ̀ lọ. Ó kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Òkìtìpupa, ó sì ṣe fírídọ̀ọ̀mù ní ọdún 1990. Irin ni ó ń jó láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Sátidé. Ní ọjọ́ Àìkú, ó ń kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà tí ẹbí wa ń lọ, pẹ̀lú sùtánà funfun báláú tí màmá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀.

Ní ọdún 1992 ni Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀kúnlé Adésànyà, olùkọ́ ìṣirò láti Ìjẹ̀bú, dé sí ìlú wa pẹ̀lú gìtá oníná kan àti páálí kásẹ́ẹ̀tì. Orin inú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ni àwọn òyìnbó ń pè ní mẹ́tàkọ̀ọ̀. Àwa pè é ní orin irin. Gìtá inú rẹ̀ ń ké bí ayùn, ìlù rẹ̀ ń sá bí ẹni tí oyin ń lé, akọrin kò sì kọrin rárá. Igbe ni ó ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olúwakẹ́mi bi í léèrè pé kí ni wọ́n ṣe fún ọkùnrin tí ó ń ké náà. Jùwọ́nlọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí kò ṣeé sọ jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin náà ń sọ. Kí ọdún náà tó parí, òun, Ayọ̀kúnlé àti Ọláìtán, onílù ìjọ wa, ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ilé ìfúnpo lẹ́yìn ilé, níbi tí bàbá wa ti ń fún epo pupa tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó pa á tì pẹ̀lú ẹ̀rọ inú rẹ̀, ni wọ́n lọ fi ìdí kalẹ̀ sí.

Ní ọ̀dọ̀ wa, igbe kì í ṣe ohun eré. Ẹni tí ejò bù ṣán, ẹni tí igi wó lù, ẹni tí olè ká mọ́lé, igbe nìkan ni ó ní. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ kì í béèrè ẹni tí ó ń ké. Yóò fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò sáré. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ tí Jùwọ́nlọ́lá kọ́kọ́ ké nínú ilé ìfúnpo, ìdajì àdúgbò wa ni ó ya wọ àgbàlá pẹ̀lú àdá. Ìyá kan gbé epo pupa lọ́wọ́, ó rò pé májèlé ni. Wọ́n bá ọmọkùnrin mẹ́ta pẹ̀lú gìtá. A kò rí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ rí nílé wa. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, títí tí àwọn àgbà fi ránṣẹ́ pé kí ọmọ náà wá ibòmíràn ké sí.

Bàbá wa ni wọ́n gbà á sílẹ̀. Wọ́n kó àwọn àgbà jọ, wọ́n gbé ọtí kalẹ̀, wọ́n sì sọ gbólóhùn kan tí ó di ọ̀rọ̀ ìlú: “Igbe ulí ìfúnpo éè ṣe igbe.” Ìyẹn ni pé igbe tí ó bá ti ilé ìfúnpo wá kì í ṣe igbe, iṣẹ́ ni; kí ẹnikẹ́ni má dìde. Àwọn àgbà gbà. Ó gba àdúgbò ní oṣù díẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn tó gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, Jùwọ́nlọ́lá a máa ké, adìẹ gan-an kò sì ní gbé orí sókè. Àwọn aláwàdà ìlú a máa fi gbólóhùn náà dá ọmọ tí ó ń sunkún èké lóhùn.

Ní ọdún 1993, orin wọn kò tíì jẹ́ ti ara wọn. Ohun tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sín jẹ, ní Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn fúnra wọn kò gbọ́ tán, ohùn Jùwọ́nlọ́lá sì ń há lẹ́yìn orin mẹ́ta. Yèyé Tóyọ̀sí, ìyá àdúrà ìjọ wa, ni ó tọ́ ọ sọ́nà. Wọ́n ní inú ikùn ni wọ́n ti ń pe Ọlọ́run, kì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n sì fi hàn án. Láti ìgbà náà, ó lè ké fún wákàtí kan kí ohùn rẹ̀ má bàjẹ́. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn ni Ẹgbẹ́ Igbe. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣeré ní Ìrẹ̀lẹ̀ ní ọdún 1994, ẹni tí ó kọ pátákó fi àmì sí abẹ́ ibi tí kò yẹ kí àmì wà, odindi ìlú sì wá wo àwọn tí ó fi ìgbẹ́ sọ ara wọn lórúkọ. Jùwọ́nlọ́lá ní kí wọ́n má pa á rẹ́, ó ní ó kúkú pe èrò.

Ọdún 1995 ni orin náà di tiwọn. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ ní èdè Ìkálẹ̀. Wọ́n mú ègbè wá láti inú ìjọ, tí ó fi jẹ́ pé bí igbe bá ti dákẹ́, ohùn dídùn yóò dìde lábẹ́ rẹ̀, ìlù yóò sì fà sẹ́yìn lójijì, yóò máa rìn wúwo bí ẹni tí ó ru igi òrùlé. Kásẹ́ẹ̀tì wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọdún náà, ìkejì ní 1996. Wọ́n ṣeré ní Òkìtìpupa, Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn, wọ́n sì ti pè wọ́n sí Èkó fún oṣù kẹwàá ọdún yìí láti gba ìkẹta sílẹ̀. Ọdún 1995 yìí kan náà ni ó fẹ́ Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀. Jùwọ́nlọ́lá ni ó jó géètì ìjọ wa, kò sì jẹ́ kí ìjọ sanwó. Bàbá wa kò gbọ́ orin náà tán rí, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, wọ́n a gbé àga sí iwájú ilé, wọ́n a máa mi orí sí i.

Ní ọjọ́ Sátidé, ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 1997, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, Jùwọ́nlọ́lá nìkan ni ó wọ ilé ìfúnpo láti tún orin Èkó yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ ìfúnpo àtijọ́, tí igi tí ó gbé e dúró ti jẹrà, wó lé e ní itan méjèèjì. Ó ké. Ìbátan wa kan láti Ìrẹ̀lẹ̀ wà lọ́dọ̀ Bàbá níwájú ilé. Bí ó ti gbọ́, ó fò dìde. Bàbá wa fà á lọ́wọ́, wọ́n ní kí ó jókòó, wọ́n sì sọ gbólóhùn wọn fún un. Ó jókòó. Igbe náà ń bá a lọ. Bàbá sọ fún àlejò náà pé ohùn ọmọ àwọn kò dùn tó báyìí rí. Nígbà tí igbe náà dákẹ́, wọ́n ní ó ń sinmi. Ní aago mẹ́rin ni Ọláìtán dé, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Wọn kò tíì gbé e dé ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa tí ó fi dágbére fáyé.

Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a kọ ọ́ pé àìsàn ráńpẹ́ ni. A kò kọ ọ́. Kò ṣàìsàn. Ó ké sí wa ní ọ̀sán gangan, gbogbo wa tí a wà nílé gbọ́, Màmá gbọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ń kọ ìwé yìí gbọ́, ó sì ń bá ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú ẹlẹ́bi wo Bàbá nìkan.

Àwọn tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Jésùtómi, ọmọ ọdún kan ààbọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olúwakẹ́mi àti Adédoyin. Àti Ayọ̀kúnlé pẹ̀lú Ọláìtán, tí a kà mọ́ ọmọ ilé. Kò ní ọmọ-ọmọ. Kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Ní ọjọ́ karùn-ún ikú rẹ̀, Bàbá wa pe àwọn àgbà padà, wọ́n sì kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ níwájú wọn: láti òní lọ, ibikíbi tí igbe bá ti wá, igbe ni. Àṣà kò jẹ́ kí òbí dé ibojì ọmọ, nítorí náà àwọn àti Màmá yóò wà nílé lónìí. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, wọ́n sì ní kí a kọ ọ́ bí àwọn ṣe sọ ọ́: “Ọma mi ké sí mi, mo jókòó. Ẹ bá mi sáré lọ bá a.”

Bí ìsìn bá parí, ẹ má tò, ẹ má sì rọra rìn bí a ti ń ṣe níbi ìsìnkú. Ọláìtán yóò ti dúró létí ibojì, yóò ké lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, kí olúkúlùkù sáré bí agbára rẹ̀ bá ti tó.

Jùwọ́nlọ́lá, ìró ẹsẹ̀ wa ni o ń gbọ́ yẹn. A pẹ́ o. Sùn re, ọmọ Ògúnṣínà.