Omi Èkó Kì Í Ṣàn Bíi Ti Odò Wa

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Èmi Múráínà, àkọ́bí yín, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú yín. Mo kí Màámi nídìí ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ kú àmúmọ́ra.

Mo mọ̀ pé Tíṣà ni yóò ka lẹ́tà yìí fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Ká ní mo fi ọwọ́ kọ ọ́ ni, àánú yín lè ṣe é, kó fo ibi tó korò. Èyí tí gbogbo ìlú ti rà, kò lè fò ó.

Dírẹ́bà wa tó ń ná Obalende ti jíṣẹ́ yín. Ẹ ní kí n ṣàlàyé ìdí tó fi di ọjọ́ kẹta ká tó rí òkú Kàsímù àbúrò mi, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí odò tiwa bá gbé, ọjọ́ kan náà la máa ń rí i. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń sá fún ìbéèrè yìí.

Ẹ rántí pé láti ìgbà tí wọ́n ti sé odò wa lókè ni àrọ̀ kò ti wọ ìgèrè mọ́, tí ẹpìyà tó kù kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Kàsímù ní omi kì í tán l'Ékòó. Mo gbà á sínú yàrá mi ní Lafiaji, mo fi owó àpò gaàrí tí mo ń rù ní Èbúté Èrò bá a háyà ọkọ̀ ojú omi. Àlájì onílé wa, àgbàlagbà ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí àwọn baba rẹ̀ ti ń pẹja ọ̀sà tipẹ́, pè wá jókòó. Ó ní ká má fi odò wé ọ̀sà, pé odò ń lọ ni, ṣùgbọ́n ọ̀sà ń lọ, ó sì tún ń padà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Nígbà tó wọlé, a rẹ́rìn-ín. Ta ló máa kọ́ ọmọ apẹja lómi? Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, òjò ń ṣú, ìgbì ọkọ̀ ńlá kan dojú ọkọ̀ Kàsímù dé. Ọmọ ìlú wa méjì gbé ọkọ̀ tiwọn, wọ́n bi mí pé apá ibo la ó gbà. Àlájì ní omi ń wọlé lásìkò yẹn, ká wá a sí apá òkè. Mo pariwo mọ́ àgbàlagbà. Mo na ọwọ́ sí apá òkun, nítorí ohun tí ẹ kọ́ wa ni pé ohun tí odò bá gbé, ìsàlẹ̀ là ń wá a sí. Ìsàlẹ̀ náà la sì wá ní ọjọ́ kejì. Kí ojú mi tó là, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan tó ń gbé létí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Èbúté Mẹ́ta, ní apá òkè tí Àlájì wí, ránṣẹ́ pè wá. Kàsímù fi okùn àwọ̀n so ara rẹ̀ mọ́ òpó kan nínú omi. Bí ẹ ṣe kọ́ wa láti máa ta kókó okùn náà ló ta á. Ẹ máa ń sọ pé ẹni tí ìkún omi bá gbé, kó so ara rẹ̀ mọ́ igi, kó dúró, omi á fà, àwọn èèyàn rẹ̀ á sì dé. Odò tiwa máa ń fà lóòótọ́. Omi ọ̀sà tó dé àyà rẹ̀ nígbà tó so okùn, ńṣe ló ń gòkè.

Obìnrin náà ní òun gbọ́ tí ẹnì kan ń pe orúkọ kan léraléra títí di Màgàríbì, òun rò pé àwọn apẹja ló ń pe ara wọn. Mo bi í pé orúkọ wo ni. Ó ní Múráínà ni.

Etí omi la sin ín sí, bí a ti ń ṣe nílé. Ẹní rẹ̀ ṣì wà ní ká nínú yàrá, mi ò lè sùn lé e, mi ò sì lè gbé e fún ẹlòmíì.

Bàbá mi, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Kàsímù ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe, ó dúró. Èmi ni mi ò dé.

Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, kó fún ẹ̀yin àti Màámi ní ẹ̀mí gígùn, kí omi má mu ọmọ apẹja kankan mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti àwọn tó ṣì ń dẹ ìgèrè. Mo ti di ẹrù mi, ṣùgbọ́n mi ò ní wá láìgba ìyọ̀ǹda yín. Tí ẹ bá lè fi ojú rí mi, ẹ ní kí dírẹ́bà wá pè mí. Màá dúró.

Ọmọ yín tó kù,
Múráínà