Fọ́tò Ráfíù Lórí Pákó Onítáyà

Sátidé, Èjìgbò, 1991

Tẹ̀dùntẹ̀dùn ni mo fi ń kéde ikú fọ́tò kan tí mi ò tíì yà.

Ọ̀rẹ́ mi Ráfíù ń sáré bọ̀ ní ìdúró lórí pákó pẹlẹbẹ onítáyà kéékèèké mẹ́rin tó mú bọ̀ láti Àbíjáàn. Mo gbé kámẹ́rà sójú, ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ fò ni Bàbá Alájì, àgbà àdúgbò wa, yọ. Ráfíù dọ̀bálẹ̀ lórí pákó. Pákó ò dúró.

"Ráfíù, ta ló ń tì ọ́?"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá!" Ó ti kọjá wọn.

Fọ́tò tó dáa jù láyé nìyẹn, ṣùgbọ́n èmi náà ti dọ̀bálẹ̀.

Lọ́la, dandan ni. Ilẹ̀ ni n ó dùbúlẹ̀ sí láti yà á: fífò rẹ̀ á ga sí i nínú fọ́tò, bí àgbà bá sì yọ, mo ti kí wọn tán.

Ìkéde pàtàkì: Bàbá Alájì ti ránṣẹ́ pé àwọn yóò jókòó nínú fọ́tò ọ̀la. Kí gbogbo ènìyàn, títí kan pákó, dúró jẹ́ẹ́.