Nítorí Funfun Tí Ẹ Ń Mu

Ilé ìfọṣọ Màmá,
Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ṣé ara ti ń le sí i lẹ́yìn ìbímọ? Baba Àgbà wa ńkọ́, ọmọ tuntun tó máa ń fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun? Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó.

Ìkánjú ni mo fi ń kọ èyí, ẹ má wo bí ìwé mi ṣe rí wúruwùru. Mo ti pè yín lẹ́ẹ̀mẹta, fóònù yín ò lọ. Ọkọ yín ń já ẹrù ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìsàlẹ̀ títì. Kó tó já a tán, mo gbọ́dọ̀ kọ èyí tán kó lè mú un wá fún yín. Mo ti sọ fún un lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín ni yóò fi rò ó.

Ẹ rántí pé wárápá gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Lẹ́ẹ̀kejì, áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lọ́wọ́ mi. Ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà jó, apá òsì mi náà jó. Bẹ́ẹ̀ n kò fo oògùn lọ́jọ́ kankan. Màmá ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ń lo irú rẹ̀ gan-an, ọdún mẹ́fà rèé, kò ṣubú. Àbí o ń tu tìẹ dànù ni?" Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n kò sọ fún yín.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní oògùn inú rẹ̀ kéré jọjọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó tún gbà á, ó ti pọ̀ sí i dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò fi nǹkan kan kún oògùn náà. Ó bi mí pé kí ni mo yí padà. Mo ṣí ìwé tí mo máa ń kọ aago oògùn sí. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tó gba ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ni funfun, oògùn inú yẹn, tán nílé, Màmá ò sì tíì ra òmíràn.

Ẹ mọ̀ bí Màmá ṣe kọ́ mi: "Kọ́kọ́ fi funfun tẹ́ inú, kí pupa má baà jó o." Pupa ni ti wárápá, funfun ni oògùn olómi tó wà fún inú tó bá ń ta èèyàn. Mo ń gbé méjèèjì mì pọ̀ ni, àárọ̀ àti alẹ́. Dókítà fi ìka lu ìwé mi: "Funfun yìí kì í jẹ́ kí pupa wọ ara tó. Ara kì í ṣe ìgò, ọmọ mi. Bó ṣe gba oògùn lónìí lè yàtọ̀ sí bó ṣe máa gbà á lọ́la, ká má tíì sọ tẹlòmíràn. Èyí tó tó ẹ̀gbọ́n rẹ lè má tó ọ."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àfi bí ọkọ yín ṣe yà wò wá láàárọ̀ yìí tó ń bá Màmá ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá, funfun yín ti ran ilé wa o! Àyà ń ta ìyàwó mi látìgbà tó ti bímọ. Òun àti pupa ló ń gbé mì pọ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ lẹ kọ́ wọn."   Orí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ni Màmá jókòó lé.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣubú láti ọdún mẹ́fà, ẹ ò ní máa ṣọ́ ara yín bí mo ti ń ṣọ́ tèmi. Ẹ̀yin nìkan sì ni ẹ wà nílé látàárọ̀. Mo ń rí yín níwájú bàsíà omi, Baba Àgbà lọ́wọ́ yín, ọṣẹ lára rẹ̀. N kò lè rò ó kọjá ibẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mu funfun mọ́ títí ẹ ó fi rí dókítà yín. Ẹ má fi pupa sílẹ̀, ẹ má fi kún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín. Kó tó dìgbà náà, ẹ má dá wẹ ọmọ. Ẹ pe aránṣọ tó wà ní òdìkejì ilé yín, ẹ má tijú. Orí ẹní ni kí ẹ ti máa fún un lọ́mú. Mo ń bọ̀ ní Sátidé. Àwa méjèèjì ò ní gbé e lórí ìdúró, a ó jọ jókòó sílẹ̀ tì í ni.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká sunkún lórí ọmọ yìí. Omi tó bá kàn án, omi ìwẹ̀ lásán ni yóò jẹ́.

Èmi ni àbúrò yín tó ń ṣọ́ yín láti òkèèrè.

Àfikún: Mo ní kí ọkọ yín kọ́kọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ yín kó tó fún yín ní lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé yóò gbàgbé. Bí ẹ bá ń kà á tí ọmọ wà lápá yín, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ná.