Kásẹ́ẹ̀tì Ìràwọ̀ Mẹ́rin Tí Wọ́n Gba Wàásù Lé

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́

Inú ṣì ń bí mi. Bọ̀dá Jímọ̀, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ wa, ki kásẹ́ẹ̀tì àwọn olórin Ìràwọ̀ Mẹ́rin tí mo yá wọn bọ rédíò bọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́ yìí. Mò ń retí gìtá, ohùn àfáà ni mo gbọ́! Wọ́n ti gba wàásù ìsọmọlórúkọ ọmọ wọn lé e. Wọ́n fi bébà dí ihò orí ẹ̀, tí kì í jẹ́ kéèyàn gba nǹkan mìíràn lé e, wọ́n wá tẹ bọ́tìnnì.

“Ta ló ń rí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo rà lásìkò SAP tí gbogbo nǹkan wọ́n yìí? Ta ló tiẹ̀ mọ àwọn yẹn?” Wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín.

Èmi mọ̀ wọ́n! Ọmọ Agége mẹ́rin tí kì í ki olówó kankan. Bóyá ìdí tí rédíò ò fi ń lò wọ́n nìyẹn. Gìtá wọn kì í sáré. Àwa tí à ń dúró nídìí ẹ̀rọ bísíkíìtì l'Óregùn ni wọ́n ń kọrin fún, àwọn ará bọ́ọ̀sì wa náà ló sì ń pariwo pé kí wọ́n pa á tí mo bá ní kí wọ́n fi sí i. Ìyá Ìbejì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń ké jù.

Mo ti wá òmíràn dé Ìkẹjà rí, kò sí.

Wàásù parí kí kásẹ́ẹ̀tì tó tán. Ni gìtá bá yọ, ìparí orin tó kẹ́yìn, bí ìṣẹ́jú méjì péré. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa á.

Ìyá Ìbejì yíjú sí mi. “Àbúrò, àwọn wo nìyẹn? Orin yìí mà dùn o! Ní kí wọ́n fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Ìbẹ̀rẹ̀ wo? Àfáà ló wà níbẹ̀.