Koríko Tí Mo Fún Alwyn

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún

Lorraine ló ń kọ ọ́. Ìyàwó ọmọ mi ni, a jọ ń gbé. Èmi kò mọ̀wé. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró so mí mọ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo wà ní kékeré, nígbà tí n ó fi dìde, àwọn ẹgbẹ́ mi ti kàwé kọjá mi, mi ò sì sáré lé wọn. Ohun tí mo bá sọ ni kó kọ. Ó ní, "Mọ́ọ̀mi, tí ẹ bá wá bú èèyàn ńkọ́?" Kó kọ ọ́.

Òun ló ní kí n máa bá ìwé jà lálaalẹ́ kí etí òun lè sinmi. Etí rẹ̀ kò sinmi. Ọwọ́ ló tún wá fi kún un.

Ọ̀rọ̀ òní: káńsù. Ilé Aláago ni mò ń pè wọ́n, nítorí aago tó wà lórí ilé wọn, tí kò sọ òótọ́ rí. Wọ́n ní ká máa sanwó báyìí kí wọ́n tó kó koríko àti ewé inú ọgbà wa. Ẹni tó bá san, wọ́n á fún un ní sítíkà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ dọ́síbìn búráùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá san, ọkọ̀ wọn á kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ìgbà tí kò sí ilé níbẹ̀. Àtijọ́ ni wọ́n ti ń kó o láìgba nǹkan kan. Koríko kan náà. Dọ́síbìn kan náà.

Lorraine ní òun á san án, kí n jókòó jẹ́ẹ́. Mo ní kó dán an wò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Dale wá. Òun ló ń bá mi tọ́jú koríko ẹ̀yìnkùlé. Ó fọ́n oògùn sí i, nítorí èpò olódòdó yẹ́lò ti fẹ́ gba ibẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo dúró tì í, mo ń sọ ti Ilé Aláago fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ náà ń lanu, ó ń pa á dé. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ kó yáa tètè dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

A gé koríko. Òkìtì rẹ̀ dé orúnkún mi. Dọ́síbìn búráùn mi kò ní sítíkà, kò sẹ́ni tó máa kó o.

Alwyn, aládùúgbò mi, yọ orí lókè pákó tó pààlà ọgbà wa. "Winnie, kí ló dé tí o dúró ti koríko bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú?"

Mo ní kó lọ bi Ilé Aláago.

"Ṣé o ò tíì sanwó ni?"

Mo ní n ò ní san.

"Ìwọ obìnrin yìí, tí wọ́n bá ní kí o sanwó ọ̀run rere, ẹnu ọ̀nà lo máa dúró sí." Lẹ́yìn náà ló ní kí n kó koríko náà fún òun. Òun ti gbẹ́ kòtò ẹ̀wà òun, koríko tútù lòún sì máa ń tẹ́ sísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ móoru, kó sì mu omi.

Ẹ̀wà Alwyn kì í ṣe ẹ̀wà lásán. Oríṣi tó ń gun ọ̀pá ni, òdòdó rẹ̀ pupa, èso tútù rẹ̀ tòun tèèpo la sì máa ń jẹ. Bàbá rẹ̀ tó wa èédú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń yan irúgbìn lára tọdún tó kọjá, èyí tó gùn jù. Ó máa ń gbé e lọ síbi ìdíje ohun ọ̀gbìn tí kílọ́ọ̀bù wa ń ṣe lóṣù kẹsàn-án. Ẹlẹ́wà ni mò ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò sì lẹ́wà kankan.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tó kọjá kò jẹ́ kí ẹ̀wà náà so dáadáa. Ìwọ̀nba irúgbìn tó rí, gbogbo rẹ̀ ló ti gbìn sínú ìkòkò kéékèèké lójú fèrèsé rẹ̀. Kò ṣẹ́ ọ̀kan kù.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyí: ó gbé ìkòkò kaná nígbà òtútù, ó gbàgbé rẹ̀, ó jóná sórí iná. Láti ìgbà náà ni Judith ọmọ rẹ̀ obìnrin ti ń sọ pé orí bàbá òun kò pé mọ́, kó wá sílé àwọn arúgbó tó wà nítòsí òun. Alwyn dá a lóhùn pé, "Ọdún tí ọwọ́ mi kò bá lè tọ́ ẹ̀wà bàbá mi mọ́, wá máa mú mi lọ." Ó sọ ọ́ létí mi. Ó sì máa ń ṣe ohun tó bá sọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọmọlanke Alwyn kún, ó ṣófo, ó tún kún. Koríko tán pátá. Ilé Aláago, ẹ kú ìdúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Alwyn kó ẹ̀wà rẹ̀ jáde lónìí, ó gbìn wọ́n sórí koríko mi, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní tí Judith bá gbọ́, á wá gbé e lónìí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Mo sọ fún gbogbo ẹni tó kọjá pé a ti gbọ́n ju Ilé Aláago lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà

Ọkọ̀ wọn kọjá. Mo juwọ́ sí wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Nǹkan ń ṣe ẹ̀wà Alwyn. Ewé orí rẹ̀ ká jọ bí ìkúùkù ọmọ tuntun. Igi rẹ̀ lọ́. Gbogbo wọn — kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó pè mí kí n wá wò ó. Mo ní bóyá òtútù ni. Ó ní òtútù wo? Mo ní bóyá kòkòrò. Ó ní òun ti yẹ abẹ́ ewé wò.

Kò bínú. Mi ò fẹ́ràn pé kò bínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Ó ní òun rò pé òun ló ṣe é. Bóyá òun fi agolo tí òun fi po oògùn èpò bomi rin wọ́n. Mo ní, ṣé o ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ní, "Mi ò rántí pé mo ṣe é, Winnie. Ìṣòro rẹ̀ nìyẹn. Mi ò rántí ti ìkòkò yẹn náà."

Ó ti pe Judith.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Dale tún wá. Mo bi í léèrè ohun tó máa ń ká ewé ẹ̀wà jọ báyẹn. Ó wo òkè pákó, ó wo ilẹ̀ mi, ó wo mí.

"Ìyá, níbo lẹ kó koríko tí ẹ gé lẹ́yìn oògùn yẹn sí?"

Mo na ìka sí ọgbà Alwyn.

"Mo sọ fún yín ná. Oògùn yẹn kì í pa koríko, inú koríko ló ń gbé, ó sì ń pa ohun tó bá sùn tì í. Mo ní ẹ má ṣe jẹ́ kó sún mọ́ ẹ̀wà. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Ọ̀rọ̀ káńsù lẹ̀ ń sọ."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ káńsù ni mò ń sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mi ò sọ fún un.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

Mi ò tíì sọ fún un. Mo ní tí mo bá sọ, ẹ̀wà kò ní jí. Òótọ́ ni. Mo ní ó ti darúgbó, ibi tó ń lọ móoru, wọ́n á sì máa gbóúnjẹ fún un. Òótọ́ ni. Lorraine gbé bírò sílẹ̀. Mo ní kó gbé e. Kò gbé e kíákíá.

Lorraine bi mí bóyá ẹnì kan lábúlé lè ní irúgbìn rẹ̀. Kò sí. Ẹni tó ń lọ síbi ìdíje kì í fún èèyàn nírúgbìn, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kì í mọ ibi tó ń kó o sí. Ẹ̀wà tútù ló máa ń fún ni. Ó máa ń fún mi. Mo máa ń gé e wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán lọ́dọọdún. Mo tún máa ń ṣàròyé pé ó ní okùn nínú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún

Judith wà nílé Alwyn. Ọkùnrin kan ń wọn ilé, yàrá dé yàrá, kí wọ́n lè tà á. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta wọ́n á lọ wo ibùgbé àwọn arúgbó náà, tó bá sì tẹ́ Judith lọ́rùn, wọ́n á gbà á. Alwyn dúró lọ́gbà, ó káwọ́ sẹ́yìn. Judith ń bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kedere, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ó sì ń dá a lóhùn bí ọmọdé. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ohun tí o bá rò pé ó dáa."

Alwyn yìí ló dá alábòójútó kílọ́ọ̀bù dúró láàárín èrò níjọ́ kan, ó ní ìwọ̀n ìdíje wọn parọ́, tó sì jẹ́ pé wọ́n wọ̀n ọ́n wò, ó parọ́. Òun ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo lọ sílé Alwyn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Lorraine fẹ́ tẹ̀ lé mi. Mo ní òun kọ́ ló kó koríko fún ẹnikẹ́ni.

Ó wà nílé ìdáná. Mi ò jókòó. Mo ní, "Alwyn, koríko mi ló pa ẹ̀wà rẹ. Oògùn wà nínú rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi, mi ò gbọ́, nítorí pé ẹnu mi ló ń ṣiṣẹ́. Mo sì ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Mo ti múra de ariwo. Ariwo ni mo fẹ́.

Ó ní, "Koríko?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Nítorí náà, kì í ṣe èmi."

Mo ní rárá.

"Kì í ṣe agolo."

Mo ní agolo rẹ kò mọ nǹkan kan.

Ó di etí tábìlì mú. Ojú rẹ̀ tú ká, ó rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí dókítà sọ fún pé kókó ara rẹ̀ kì í ṣe nǹkan burúkú. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀wà bàbá rẹ̀ ti kú tán pátápátá láyé yìí, inú rẹ̀ sì dùn. Mi ò rí ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó pe Judith níbẹ̀ níṣojú mi. Ó ní, "Koríko Winnie ni. Orí mi pé. Máa wá lọ́la tí o bá fẹ́ jẹun, àmọ́ mi ò lọ síbì kankan." Ohùn rẹ̀ ti padà sí tàtijọ́.

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó yíjú sí fèrèsé, ó wo àwọn ọ̀pá tó dúró lófìfo. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín náà ti tán. Mo rí i bó ṣe ń tán, láti èjìká wá.

Mo ní, "Alwyn." 

Ó lọ gbé kẹ́tùlù kaná. Lágbègbè wa níbí, òṣìṣẹ́ tó wá ka mítà iná pàápàá kì í jáde nílé èèyàn láìmu tíì. Mo dúró, mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń hó. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó mú ife kan ṣoṣo jáde, tirẹ̀, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó sì da omi sí i.