Ẹni tó ń gba àlejò ní Ìpọ̀nrí: Ìtàn ìgbésí ayé Olóògbé Màmá Fébè Àríkẹ́ Àkàngbé (1946–2025)

"Kí ló kù tí a kò ṣe fún wọn?"

Màmá Fébè Àríkẹ́ Àkàngbé ló bi ìgbìmọ̀ ìgbàlejò ní ìbéèrè yìí ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 2015, nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn ìjọ wa ní Ìpọ̀nrí. Tọkọtaya mísọ́nnárì tó wá láti Bràsíl ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sílé ni, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án péré. Alàgbà Ọláolú tó jẹ́ alága gbójú sókè wo fáànù. Akọ̀wé ń yí bírò rẹ̀ po lórí tábìlì. Ọdún mẹ́wàá ni Màmá fi wá ìdáhùn ìbéèrè náà, ìdílé sì gbà pé ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

A bí Màmá ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún 1946, ní agbo ilé Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ajílété. Bàbá wọn, Jósáyà Ọ̀jẹ́dìran, jẹ́ bíríkìlà. Ìyá wọn, Màríà Àbẹ̀kẹ́, ń ṣe ọṣẹ dúdú tà. Nínú ilé yẹn, àlejò kì í gbé ohunkóhun nílẹ̀. Ọmọ tó bá jẹ́ kí àlejò fọ abọ́ tó fi jẹun, ẹkún ló máa fi sùn. Ẹ̀kọ́ ilé yìí wọ Màmá lára ju ẹ̀kọ́ ìwé lọ.

Ti ìwé náà kò sì gbẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952, wọ́n sì parí ilé-ìwé mọ́dà ní ọdún 1962. Ní ọdún 1964, Màmá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo wá sí Èkó. Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ní Mushin kò tètè dé, nítorí náà kò sẹ́ni tó wá pàdé wọn ní ibùdókọ̀ ojú irin Ìdó. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni Màmá jókòó lórí àpótí aṣọ wọn, tí wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń wá gba ọmọ ẹlòmíràn lọ. Wọ́n máa ń sọ pé ọjọ́ yẹn ni àwọn búra: àlejò kankan kò ní í dé ibi tí àwọn wà kó má rí ẹni gbà á.

Ìdó yẹn náà ni Ọlọ́run tún dá wọn padà sí. Ní ọdún 1967, ilé iṣẹ́ rélùwéè gbà wọ́n síṣẹ́, wọ́n sì ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí èrò bá ti yọjú sí fèrèsé wọn báyìí, kó tó la ẹnu, Màmá ti mọ ẹni tó fẹ́ ra àlọ nìkan yàtọ̀ sí ẹni tó fẹ́ ra àlọ àti àbọ̀.

Ní ọdún 1970, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Olóògbé Jóẹ́lì Àkàngbé, káfíńtà ní Pápá Àjàó, ẹni tó ṣáájú wọn lọ ní ọdún 2008. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Àlejò kì í wọ́n nílé wọn ní Ìpọ̀nrí, débi pé Bàbá máa ń pariwo láti iyàrá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi lónìí? Kí n lè mọ orúkọ tí mo máa fi jí i!" Màmá á ní, "Jóẹ́lì, rọra. Àlejò ni wọ́n."

Màmá di díákónẹ́ẹ̀sì ní ọdún 1994. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gba ọkàn wọn jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014. Rùkáyàt, ọmọ Àrínọlá ọmọ wọn obìnrin àti ọkọ rẹ̀, Àbdùlsàmàd, jẹ́ adití láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Màmá wá yíká, wọ́n rí i pé irú rẹ̀ pọ̀ ní Mushin. Ìjọ mẹ́ta, ti Ìpọ̀nrí, ti Yábàá àti ti Pápá Àjàó, parapọ̀, wọ́n ṣí kíláàsì kan ní Pápá Àjàó fún ọmọ méjìlélógún. Olùkọ́ tó mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kọ́ adití níwèé ni wọn kò rí. Wọ́n kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ mísọ́nnárì kan lókè òkun, àwọn yẹn sì gbà láti máa rán olùkọ́ wá, bí àwọn ìjọ bá lè máa tọ́jú ẹni tó bá dé. Ìjọ Yábàá wá ilé, ti Pápá Àjàó kan bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì. Gbogbo ìyókù di ti Màmá.

Wọn kò fi nǹkan kan falẹ̀. Kí tọkọtaya Bràsíl tó dé, omi ti kún táǹkì, jẹnẹrétọ̀ ti wà nílẹ̀, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ àti ẹni tí yóò máa fọṣọ ti ń dúró. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó dìde láti fọ abọ́. Obìnrin mẹ́ta ló sáré gba kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Háà! Àǹtí, ẹ má dójú tì wá o! Ẹ jókòó!"

Ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ ṣeun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi dúpẹ́.

Ní ọdún 2019, ọ̀dọ́kùnrin kan dé láti Kẹ́ńyà. Ó gbé korobá láti lọ pọn omi. Ayọ̀kànmí, àbíkẹ́yìn Màmá, sá tẹ̀ lé e títí dé ìdí ẹ̀rọ. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé e sílẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí Mọ́mì lé mi jáde nílé ni?" Lóṣù kẹrin tó dé, òun náà lọ. Ó ní àárò ilé ń sọ òun. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Rùkáyàt, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fi ń gbé báàgì rẹ̀ kọ́rùn lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kíláàsì tí wọ́n ti tì pa. Màmá ló máa ń lọ fà á lọ́wọ́ wálé. Ìgbà yẹn nìkan ni àwọn ọmọ wọn rí omi lójú wọn lẹ́yìn ikú Bàbá.

Nígbà tí wọ́n kọ̀wé pé olùkọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Jael ń bọ̀ láti Filipínì ní oṣù kejì ọdún 2025, àwọn ará òkè òkun fi ọ̀rọ̀ kan sí i: bí ẹni yìí náà bá padà, àwọn kò ní í rán ẹlòmíràn wá mọ́. Màmá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n wá ṣe ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin, wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ wọn kán, síbẹ̀ orí àga ni wọ́n ti ń pàṣẹ pé kí wọ́n gbé oúnjẹ lọ fún Jael. Jael ń dúpẹ́, ó sì ń rù. Ní oṣù karùn-ún, Màmá wo ojú rẹ̀, wọ́n rí èrò tó fẹ́ ra àlọ nìkan. Òótọ́ ni: ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni.

Màmá dákẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 2025, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni àwọn ọmọ wọn, Rótìmí, Àrínọlá àti Ayọ̀kànmí. Àwọn ìyàwó àti ọkọ àwọn ọmọ. Ọmọ ọmọ méje, Rùkáyàt wà lára wọn. Àti ọmọ ọmọ ọmọ kan. Ṣùgbọ́n ìdílé kò lè fi ibí parí ìtàn yìí láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú.

Màmá jókòó ní kíṣìnnì, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí, wọ́n ń ṣa ata. Wọ́n gbọ́ ìró sílípáàsì. Wọ́n rò pé Àrínọlá ni.

"O ti dé? Gbé ike ata yìí, sáré lọ lọ̀ ọ́ wá. Kí wọ́n lọ̀ ọ́ kó kúnná o! Má sì jẹ́ kí wọ́n da tẹlòmíràn mọ́ tiwa!"

Ọwọ́ kan gbé ike náà. Kò pẹ́, Àrínọlá jáde láti iyàrá, ó ń na ara.

Màmá yíjú padà. "Ta wá ni mo rán níṣẹ́?"

Àrínọlá yọjú lójú fèrèsé. "Ye! Mọ́mì, mísọ́nnárì ni o! Òun àti Rùkáyàt ló ń lọ lójú títì yẹn!"

"Mo gbé! Ó wá dágbére fún mi, mo sì fi ata lé e lọ. Sáré, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀!" Àrínọlá sáré, kò bá wọn.

Lẹ́yìn wákàtí kan, Jael wọlé. Ata ti ta sí apá aṣọ rẹ̀ méjèèjì. Kò dúpẹ́. Ó gbé ike náà kalẹ̀ gbàgà, ó ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

"Màmá, ẹ gbọ́! Obìnrin kan já wọ iwájú mi nídìí ẹ̀rọ ata, lẹ́ẹ̀mejì! Mo ní èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ó ní òyìnbó kì í jẹ ata! Rùkáyàt ló gbèjà mi!" Rùkáyàt nawọ́ méjèèjì, ó ń fi bí òun ṣe dí obìnrin náà lọ́nà hàn. Jael fa àga, ó jókòó láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó jókòó. Ó ní ebi ń pa òun.

Màmá nawọ́ sí igun. "Àlùbọ́sà wà nínú agbọ̀n yẹn. Rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́." Jael mú ọ̀bẹ.

Ìgbà yẹn ni Màmá tẹ Alàgbà Ọláolú láago. "Alàgbà, a kò rán wọn níṣẹ́ rí! Ọmọ ilé là ń rán níṣẹ́. Àwa gbé wọn sí pálọ̀ bí fọ́tò." Ọjọ́ Ẹtì pé, ọkọ̀ òfuurufú gbéra, Jael wà ní kíláàsì ní Pápá Àjàó.

Ẹ sùn ire, Àríkẹ́, ọmọ Ajílété. Iṣẹ́ tí Olúwa rán yín, ẹ ti jẹ́ ẹ. Kí Ó rán ẹni tí yóò pàdé yín lẹ́bùúté. Àmín.