Ẹ̀kọ Tó Di Omi Nínú Abọ́ Ìdùnnú

Ọmọ́fẹ́ ọmọ mi,

Ṣé ara le, ṣé ọkọ rẹ Olúdọ̀tun wà dáadáa, ṣé omi ẹ̀rọ ti ń yọ ní Bódìjà? Ọlọ́run kò ní fi ẹkún pa wá lẹ́nu mọ́. Ìdùnnú ọmọ rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí náà fọkàn balẹ̀ kí o tó kà á síwájú, torí èmi tí mo ń kọ ọ́, ọkàn tèmi kò tíì balẹ̀.

Ohun tí Dókítà Ayẹni ń sọ fún wa ní ọsibítù ti wá yé mi. Pánkíríásì ni ẹ̀yà ara kan tó sùn sẹ́yìn àpò ikùn, òun ló ń tu omi tó ń mú oúnjẹ dà. Bí ọ̀nà omi náà bá dí, omi á há sínú, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀yà tó tu ú, inú á máa run ọmọ títí dé ẹ̀yìn. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, ẹ̀yà náà á di kìkì àpá. Ohun tó ń ṣe Ìdùnnú nìyẹn. Kì í ṣe aràn, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ bí tíṣà rẹ̀ ti ń sọ.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín, kò yé mi bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi nǹkan tútù pa á níkùn, tí wọ́n ń wo inú rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, tí dókítà ní òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀yà náà, o rántí bí mo ti délé tí mo da gbogbo ìrẹsì yín sórí àtẹ tí mo ń ṣà á, tí mo tún lọ bá ìyàwó Àjàmú tó ń tà á fún yín, mo ní òun ló fi òkúta bọ́ ọmọ wa. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Dókítà ní inú ara ni òkúta ọ̀hún ti ń dì, bí ẹfun tí ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò omi gbígbóná. Ìgbẹ́ ọmọ tí wọ́n sì ní ká máa gbà sínú agolo wá, tí mo ní ta ló fẹ́ fi ṣe kí ni, àṣé ọ̀rá ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oúnjẹ ń dà.

Wàyí o, ó kan oògùn dókítà tí o dì fún mi ní ibùdókọ̀ Ìwó Road, tí o ní kí n máa tú ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú oúnjẹ torí Ìdùnnú kò lè gbé e mì. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú mo po ẹ̀kọ, ó ki dáadáa. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo da ìyẹ̀fun sí i, mo rò ó, mo pe Ìdùnnú. Ó ń lé adìyẹ kiri ẹ̀yìnkùlé. Kí n tó rí i mú wọlé, ẹ̀kọ ti di omi. Mo bi Ìyá Òkè tí a jọ ń gbélé bóyá ó bu omi sí i, ó ní ìgbà wo ni òun di ẹni tí ń ba ẹ̀kọ ọlọ́mọ jẹ́. Mo po òmíràn, mo da oògùn sí i, mo jókòó tì í bí ẹni tí ń ṣọ́ olè. Ojú mi báyìí ló tú, tó ń ṣàn.

Mo ní bí oògùn yìí bá lè jẹ ẹ̀kọ nínú abọ́, kí ni yóò ṣẹ́ kù nínú ìfun ọmọ kékeré? Mo da gbogbo oògùn náà sí ṣáláńgá. Mo sì sọ fún Mùstàfá awakọ̀ pé bó bá dé Ìbàdàn, kó ní kí o da èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ nù.

Láti ìgbà náà ni ìgbẹ́ ọmọ ti tún ń léfòó, tó ń dán fún ọ̀rá, tí ara rẹ̀ sì ń joro. Mùstàfá gbéra láàárọ̀ yìí. Èmi náà gbé abọ́ ẹ̀kọ kejì tí mo ti fi pamọ́ fún ẹ̀rí, ó ti kan, mo wọkọ̀ lọ sí ibi tẹlifóònù ní Ìkàrẹ́. Theophilus tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá mi pe dókítà. Mo kí i tán, mo tẹ abọ́ náà síbi ihò tẹlifóònù kó lè rí i. Theophilus ní Màmá, kò lè rí yín o, ẹ má da ẹ̀kọ sínú ẹ̀rọ ìjọba. Mo ní kó jẹ́ kí dókítà ṣiṣẹ́ rẹ̀. Dókítà ní, Màmá, ṣé ó ti ṣàn bí omi báyìí? Mo wo Theophilus lójú. Ó rí i, àbí kò rí i?

Dókítà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ṣáláńgá, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ohun tó ṣe nínú abọ́ yẹn gan-an ni òun fẹ́ kó ṣe nínú ìfun, torí pánkíríásì Ìdùnnú kò lè ṣe é tó mọ́. Ó ní iná inú ààrò a máa se ọbẹ̀, bó bá gun òrùlé ni ó ń jólé. Omi tó há ló ń jẹ ẹ̀yà ara, èyí tó bá oúnjẹ pàdé nínú ìfun, oúnjẹ ló ń jẹ. Ó ní láìsí oògùn yìí, ọmọ á máa jẹun, ebi á sì máa pa á. Ọmọ́fẹ́, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi febi pa ọmọ rẹ láti ọjọ́ Àìkú.

Nítorí náà, má gbọ́ ti Mùstàfá. Gbádérọ̀ tó mú ìwé yìí wá ń padà bọ̀ lọ́la, fi oògùn náà rán an. Bó bá ti wọnú ààtàn, kí ọkọ rẹ ra òmíràn ní Dùgbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kó sì fi owó ọkọ̀ tí n ó fi mú ọmọ padà wá rí dókítà sí i. Oúnjẹ tí ẹ bá jẹ yóò máa dà nínú yín, ẹ ó pẹ́ láyé fún ọmọ yín.

Bí dókítà ti ní ká máa lò ó nìyí, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíṣìnnì de ìgbà tí mo bá mú ọmọ dé. Kí Ìdùnnú tó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, tú ìyẹ̀fun náà sínú ṣíbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gún, tó tutù, kì í ṣe sínú abọ́, kì í ṣe sínú ohun gbígbóná. Jẹ́ kó gbé e mì lójú ẹsẹ̀, kó fi omi yọ ẹnu, kó wá jẹun. Dín epo kù nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Bí inú bá sì ń run ún tó ń bì, má ṣe po àgbo kankan fún un, gbé e lọ sí ọsibítù.

Èmi ìyá rẹ.